Ṣé Òótọ́ Ni Ìtàn Tí Wọ́n Ń Sọ Nípa Àwọn Afọnfèrè Idẹ?

Ọ̀rọ̀ fèrè idẹ la fẹ́ bá yín sọ, àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fọn ọ́n.

Ẹni tó bá ti lọ wo ọdún Gáànì ní Nikki ti rí fèrè gígùn tí àwọn Bàrìbá ń pè ní kankangi. Irú rẹ̀ ni àwọn Haúsá ń pè ní kàkàkí, àwa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe fèrè tí a fi ń ṣeré. Fèrè ọba ni. Bí ó bá dún, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọba ń jáde bọ̀.

Fèrè ọba ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1352, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò kan láti ilẹ̀ Moroko, dé ààfin ọba Mali. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí ìlù níbẹ̀, òun sì rí fèrè tí wọ́n fi eyín erin ṣe. Ìwé ìtàn àwọn ọba Kano náà sọ pé Muhammadu Rumfa ni ọba àkọ́kọ́ tó ní kàkàkí ní Kano. Láti ọdún 1463 sí 1499 ni ọba yìí fi wà lórí oyè.

Nítorí pé fèrè ọba ni, ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ pọ̀. Ẹ ó gbọ́ pé fèrè kan ń dún dé ìlú kejì. Ẹ ó gbọ́ pé afọnfèrè kan fọn ún láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò mí. Ẹ ó gbọ́ pé ogun dákẹ́ nígbà tí afọnfèrè báyìí gbé fèrè sẹ́nu. Ìtàn wọ̀nyí dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni?

Ẹ má ṣe rò pé ẹni tó béèrè bẹ́ẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún àgbà. Àwọn baba wa ló ní àrọ́bá ni baba ìtàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà ló ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ń rìn ni. A ń gbọ́ ìtàn, a sì ń béèrè.

BÍ A ṢE Ń WỌN ÌTÀN

Ẹ rántí ọjà òwú. Nígbà tí ẹ bá gbé òwú yín lọ síbẹ̀, ẹ kì í gba ohun tí olùrà bá ṣáà ti fẹnu sọ. Ẹ ń wo òṣùwọ̀n. Láti ìgbà tí ẹ ti mọ ìwé, ẹ ń ka nọ́ńbà orí òṣùwọ̀n fúnra yín, kò sì sí ẹni tó lè sọ 80 di 70 mọ́ yín lójú. Ìtàn náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin ni.

Èkíní: Ta ló rí i, tàbí ta ló gbọ́ ọ? Ṣé ẹni tó ń sọ ọ́ wà níbẹ̀, àbí ẹnìkan ló sọ fún un?

Èkejì: Ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀? Ṣé ohun tí ojú wa ń rí lójoojúmọ́ gbà pé kí ó ṣẹlẹ̀?

Ẹ̀kẹta: Kí ni ìwé sọ? Ṣé ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìgbà náà gan-an?

Ẹ̀kẹrin: Ta ni ìtàn náà ń ṣe láǹfààní? Ta ló ń gba ìyìn tàbí owó nídìí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìtàn mẹ́rin kan sórí òṣùwọ̀n yìí. Ìlú tó jìnnà ni a ó ti mú wọn wá, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti wá ìwé rí, tí wọ́n sì rí i. Ṣùgbọ́n ìlú náà kò jẹ́ àjèjì sí wa pátápátá. New Orleans ni orúkọ rẹ̀, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn Faransé ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1718. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrú láti Ouidah wa níbí lọ sí agbègbè náà. Àwọn ọmọ ọmọ irú àwọn tí wọ́n kó lọ bẹ́ẹ̀ ló wá sọ fèrè idẹ àwọn ológun di fèrè ijó.

ÌTÀN KÌÍNÍ: FÈRÈ TÓ DÚN DÉ MÁÌLÌ 14

Ọkùnrin kan wà ní New Orleans tó ń jẹ́ Charles Bolden. Buddy Bolden ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1877. Fèrè idẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń fọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lu irú orin tí ayé wá ń pè ní jáàsì.

Wọ́n ní bí Bolden bá fọn fèrè ní alẹ́, ẹni tó wà ní máìlì 10 ń gbọ́ ọ. Àwọn mìíràn ní máìlì 12 ni. Àwọn mìíràn ní máìlì 14. Máìlì 14 jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 22. Ẹ fi ojú inú wò ó: kí ẹnìkan dúró ní Tchaourou kó fọn fèrè, kí ẹni tó ti rin ìdá mẹ́ta ọ̀nà Parakou kọjá sì tún máa gbọ́ ọ!

Ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ẹ sọ pé ẹ dúró ní mítà 10 sí afọnfèrè. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn dé mítà 20, ipá ohùn tó ń dé etí yín yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ẹ bá dé mítà 40, yóò di ìdá kan nínú 16. Nígbà gbogbo tí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ipá ohùn ń dín kù di ìdá kan nínú mẹ́rin. Tí ẹ bá fi dé kìlómítà 20, ohùn náà ti di ìdá kan nínú 4,000,000. A kò tíì ka èyí tí afẹ́fẹ́ gbé mì, tàbí èyí tí ewé igi àti ògiri ilé dá dúró. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn èyí, kòkòrò tó ń ké lóru yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ tún wo ohun kan. Ohùn kì í dé lójú ẹsẹ̀. Nǹkan bí mítà 340 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá ń wo ẹni tó ń la igi ní òkèèrè, ẹ ń rí i pé àáké ti balẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ọ. Ohùn fèrè tó bá fẹ́ rin kìlómítà 22 yóò lò ju ìṣẹ́jú kan lọ lójú ọ̀nà. Bolden ì bá ti sọ fèrè kalẹ̀, ì bá ti nu ètè, kí ohùn rẹ̀ tó dé.

Nítorí náà, máìlì 14 kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tíì da ìtàn náà nù. Àgbàdo tó ní èèpo ní ọmọ nínú. Ẹ jẹ́ kí a bó o.

Nígbà ayé Bolden, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò tíì pọ̀ ní ìgboro. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Òru dákẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òru yàtọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń gba Tchaourou kọjá lọ sí Parakou, a máa ń gbọ́ fèrè rẹ̀ ní òru láti oko tí a kì í ti gbọ́ ọ ní ọ̀sán. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní ọ̀sán, oòrùn ń mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ sì gbóná ju ti òkè lọ. Ohùn a máa tẹ̀ lọ sókè, a máa kọjá lórí wa. Ní òru, ilẹ̀ ti tutù, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ sì tutù ju ti òkè lọ. Ohùn tó fẹ́ gòkè a tẹ̀ padà wá sílẹ̀, a sì rìn jìnnà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé òun gbọ́ fèrè alágbára ní kìlómítà 2 tàbí 3 ní òru tó dákẹ́, a lè gbà á gbọ́.

Ohun mìíràn tún wà. Ọgbà ìgbafẹ́ méjì ló wà nítòsí ara wọn ní ìlú náà, Lincoln Park àti Johnson Park. Àwọn tó mọ Bolden sọ pé bí èrò bá pọ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ olórin mìíràn ní ọgbà kejì, Bolden a kọjú fèrè rẹ̀ sí ibẹ̀, a fọn ọ́n, a ní òun ń pe àwọn ọmọ òun wálé. Àwọn èrò a sì rọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀. Ọgbà kan sí ọgbà kejì kì í ṣe máìlì 14.

Ohun tí òṣùwọ̀n sọ ni pé Bolden lágbára lẹ́nu fèrè ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Máìlì 14 jẹ́ ọ̀nà tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ gbà ń yìn ín. Bí ọkùnrin kan bá ga, a máa ń ní orí rẹ̀ ń kan òrùlé. Ẹnikẹ́ni kì í gbé àkàbà wá láti wọ̀n ọ́n.

OHUN TÍ ÌWÉ SỌ NÍPA BOLDEN

Ìtàn Bolden kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1939, ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà tó sọ pé iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni Bolden ń ṣe, ó sì tún ń tẹ ìwé ìròyìn kan tó kún fún òfófó ìlú. Gbogbo ènìyàn gba èyí gbọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri fún ohun tó tó ogójì ọdún.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Donald Marquis wá ní òun yóò wá ìdí rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìwé ló ń kà. Ó ka ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àti iṣẹ́ àwọn ará ìlú sí lọ́dọọdún. Ó ka ìwé ìkànìyàn. Ó ka ìwé ọlọ́pàá, ìwé ilé ìwòsàn àti ìwé ìsìnkú. Ó lọ bá àwọn arúgbó tó ṣẹ́ kù, ó gbọ́ tẹnu wọn. Ní 1978, ó tẹ ohun tó rí jáde.

Kí ló rí? Ìwé ìlú sọ pé iṣẹ́ rírẹ́ ògiri ilé ni Bolden ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ ọ́ pé olórin ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé onígbàjámọ̀ ni. Ìwé ìròyìn òfófó yẹn ńkọ́? Kò sí ẹyọ kan tí ojú rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìtàn ṣe ń yí padà: ní ìlú náà, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni àwọn olórin ti máa ń dúró de ẹni tó fẹ́ bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Ẹni tó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ti di onígbàjámọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a.

Ta ló wá sọ ọ̀pọ̀ nínú ìtàn wọ̀nyí? Ọ̀kan nínú wọn ni afọnfèrè tó ń jẹ́ Bunk Johnson. Ó ní wọ́n bí òun ní 1879, òun sì ti ń bá Bolden ṣeré láti 1895. Àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn ikú rẹ̀ rí i pé ó jọ pé 1889 ni wọ́n bí i. Ẹ fi ìka yín kà á: ẹni tí wọ́n bí ní 1889, ọmọ ọdún mélòó ni yóò jẹ́ ní 1895? Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè wà nínú ẹgbẹ́ olórin àgbà. Kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn ènìyàn ń wá ẹni tó mọ Bolden nígbà náà. Ẹni tó bá ti bá Bolden ṣeré yóò níyì, yóò sì ríṣẹ́. Ìbéèrè wa kẹrin nìyẹn.

Ìwé tún sọ ohun kan tí ìtàn dídùn kò sọ. Ní 1906, nígbà tí Bolden kò tíì pé ọmọ ọdún 30, àìsàn ọpọlọ kọlù ú. Ní 1907, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní ìlú Jackson. Ibẹ̀ ló wà fún ọdún 24 títí ó fi kú ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1931. Wọ́n sin ín sí ibi ìsìnkú àwọn tálákà, kò sí àmì lórí ibojì rẹ̀. Ohùn fèrè rẹ̀ kò sí lórí àwo kankan. Àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo ni ayé mọ̀, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ máìlì 14, wọ́n gbàgbé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wíwọn ìtàn fi ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń wá òótọ́ kò ba orúkọ Bolden jẹ́. Òun ló wá Bolden rí.

ÌTÀN KEJÌ: ỌJỌ́ ÌBÍ ARMSTRONG

Ọmọ New Orleans ni Louis Armstrong náà. Òun ló lókìkí jù nínú gbogbo afọnfèrè idẹ ayé ìgbà rẹ̀. Nígbà gbogbo ayé rẹ̀, ó ń sọ pé wọ́n bí òun ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1900. Ọjọ́ 4 oṣù keje ni ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà. Ọdún 1900 sì jẹ́ ọdún tó gún régé. Ọjọ́ náà dára jù! Ọjọ́ tó bá dára tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Armstrong kú ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1971. Ní àwọn ọdún 1980, ẹnìkan ṣí ìwé ìrìbọmi ilé ìjọsìn Kátólíìkì kan ní New Orleans. Ó rí orúkọ Armstrong níbẹ̀. Àlùfáà ti kọ ọ́ pé ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1901 ni wọ́n bí i, ọjọ́ 25 oṣù kan náà ni wọ́n sì rì í bọmi. Ọjọ́ 21 péré ló wà láàrin ìbí àti ìwé. Kò sí ẹni tó jèrè kankan nídìí ìwé náà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ọmọ tálákà yìí yóò di ẹni ńlá. Ìwé náà la ó gbà gbọ́.

Ṣé òpùrọ́ wá ni Armstrong? Ẹ má ṣe yára dájọ́. Lára ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ọ̀pọ̀ ló wà tí wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì ìdánimọ̀ wọn pé "nǹkan bí ọdún báyìí" ni wọ́n bí wọn. Ìyá yín lè sọ fún yín pé ìgbà ìkórè iṣu ni, tàbí ọdún tí òjò kò rọ̀. Kò sí ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tí kò rí ọjọ́ ìbí tirẹ̀ a mú èyí tó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé àwọn ọmọ wa kò gbọ́dọ̀ wà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò ní ìwé ìbí ń rí ìdíwọ́ nígbà tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò, ó tún ń rí i nígbà tó bá fẹ́ gba káàdì. Ìlà díẹ̀ péré ni àlùfáà yẹn kọ ní 1901. Ìlà díẹ̀ náà lágbára ju ọ̀rọ̀ ẹnu 70 ọdún lọ.

ÌTÀN KẸTA: OGUN TÓ DÁKẸ́ NÍTORÍ FÈRÈ

Ẹ rántí ọdún 1960. Ọdún náà ni Dahomey, orílẹ̀-èdè wa tí a wá ń pè ní Benin, gba òmìnira, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ. Congo ti gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n ní Congo, nǹkan dàrú kíákíá. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, agbègbè Katanga ní òun yóò dá dúró. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n yọ Patrice Lumumba, olórí ìjọba, kúrò nípò.

Ní ọdún náà gan-an ni Armstrong rìnrìn àjò káàkiri Áfíríkà. Ó dé Ghana àti Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá, ó ṣeré ní Léopoldville, olú ìlú Congo, tí a wá ń pè ní Kinshasa. Wọ́n gbé e sórí àga bí ọba, àwọn onílù àti oníjó yí i ká. Lẹ́yìn náà, ó lọ ṣeré ní Élisabethville ní Katanga.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé ogun dúró fún ọjọ́ kan nítorí Armstrong. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun ìhà méjèèjì fi ìbọn sílẹ̀, wọ́n jọ jókòó gbọ́ fèrè rẹ̀, wọ́n sì padà sógun lọ́jọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. Ṣé Armstrong dé ibẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ìwé wà, àwòrán wà. Ṣé àwọn ènìyàn yọ̀? Wọ́n yọ̀ gidigidi. Ṣé àwọn ọ̀tá méjì lè jókòó pọ̀ ní pápá ìṣeré kan? Léopoldville sí Élisabethville lé ní kìlómítà 1,500. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti Parakou dé Cotonou, tí ẹ sì padà, ẹ kò tíì rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ìjọba tó wà ní ìlú méjèèjì ń bá ara wọn jà, Armstrong sì ṣeré ní ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí pápá ìṣeré tó wà láàrin wọn.

Ṣé ìjà náà dúró? Láti ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ni àwọn ọmọ ogun ti yí ilé Lumumba ká ní Léopoldville. Nígbà tí fèrè ń dún ní pápá ìṣeré, ìlú náà kan náà ni wọ́n há a mọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá, ó sá jáde. Wọ́n mú un. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1961, wọ́n pa á ní Katanga. Katanga kò padà sínú Congo títí di 1963.

Ta ni ìtàn náà wá ń ṣe láǹfààní? Ìjọba Amẹ́ríkà ló ṣètò ìrìn àjò Armstrong. Ilé iṣẹ́ Pepsi-Cola náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń du ọkàn àwọn orílẹ̀-èdè tuntun nígbà náà. Ìtàn pé fèrè ará Amẹ́ríkà dá ogun dúró dùn létí àwọn tó rán an. A kò ní kí a fi èyí dá Armstrong lẹ́bi. Ní 1957, ó ti kọ̀ láti lọ sí Rọ́ṣíà fún ìjọba kan náà, nítorí pé wọ́n ń fìyà jẹ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú Little Rock.

Ìdájọ́ wa ni pé ìlú kan lè yọ̀ fún ọjọ́ kan, kí ó gbàgbé ìbànújẹ́ rẹ̀. Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n pé ogun dúró, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gba ìtàn dídùn náà láìwọ̀n ọ́n, a ó gbàgbé ọkùnrin tí wọ́n há mọ́lé.

ÌTÀN KẸRIN: OHUN TÍ ÒṢÙWỌ̀N KÒ LÈ GBÉ

Ìtàn mìíràn wà tí a kò lè sọ pé òótọ́ ni, tí a kò sì lè sọ pé irọ́ ni. Ní 1956, Armstrong lọ sí Accra fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó rí obìnrin kan láàrin àwọn tó ń jó, ojú obìnrin náà jọ ti ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti mọ̀ pé ilẹ̀ yìí ni àwọn baba ńlá òun ti wá.

Ìjọra kì í ṣe ẹ̀rí. Ènìyàn méjì lè jọra kí wọ́n má ṣe ìbátan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọmọ ẹni tí wọ́n tà pé ibẹ̀ kọ́ ni ilé rẹ̀? Àwọn tó ń ta ènìyàn kò kọ orúkọ ìyá àti ìlú ẹni tí wọ́n tà sínú ìwé. Irú ìtàn yìí, kí a sọ pé, "Ohun tí ó sọ nìyí," kí a sì dúró níbẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tí ẹ̀rí pin sí náà gbọ́n.

IṢẸ́ TIWA

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sílé. Àwọn tó ń fọn fèrè fún ọba ń bẹ ní ilẹ̀ Bàrìbá, àwọn tó ń fọn ún fún eré àti ìsìnkú ń bẹ láàrin wa. Àwọn ìlú ńlá wa náà ní ẹgbẹ́ afọnfèrè idẹ. Ọ̀kan nínú wọn, Gangbé Brass Band, bẹ̀rẹ̀ ní 1994, fèrè rẹ̀ sì ti dún dé ilẹ̀ òkèèrè. Èdè Fọ̀n ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohùn irin. Nítorí pé àwọn wọ̀nyí ní àwo orin àti ìwé, ẹnikẹ́ni kò ní jiyàn lọ́la nípa ohùn wọn.

Àwọn arúgbó afọnfèrè abúlé yín ńkọ́? Bí wọ́n bá kú láìsí ìlà kan nípa wọn, ìtàn méjì ló kù fún wọn: kí a gbàgbé wọn pátápátá, tàbí kí a sọ pé fèrè wọn ń dún dé máìlì 14. Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì.

Ẹ ti mọ ìwé báyìí. Ẹ mú ìwé àjákọ kan. Ẹ lọ kí bàbá náà ní ìrọ̀lẹ́, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í léèrè pẹ̀lú ìtẹríba. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ abúlé rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ ní fèrè. Ẹ wọn gígùn fèrè náà, ẹ kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Bí kò bá mọ ọdún, ẹ bi í bóyá ó ṣáájú òmìnira 1960, tàbí ó wà láàrin òmìnira àti ìgbà tí Kérékou gba ìjọba ní 1972, tàbí ó jẹ́ lẹ́yìn tí orúkọ Dahomey di Benin ní 1975. Ẹ kọ ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí sí apá kan. Ẹ kọ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn sí apá kejì. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀. Ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tiyín àti ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́.

Ìtàn dídùn, ẹ máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ní òṣùpá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tán lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá béèrè pé, "Bàbá, ṣé òótọ́ ni?" ẹ má ṣe bá a wí. Ẹ sọ fún un pé, "Jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n."

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀPÉRÒ NÍNÚ KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni ìbéèrè mẹ́rin tí a fi ń wọn ìtàn? Ẹ kọ wọ́n láìwo ìwé.

2. Kí ló dé tí ohùn fi ń rìn jìnnà ní òru ju ọ̀sán lọ? Ẹ dán an wò: kí ẹnìkan lu agogo tàbí kó fọn fèrè ní ìgboro abúlé ní ọ̀sán, kó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní alẹ́. Kí àwọn yòókù máa rìn lọ títí wọn kò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Ẹ ka ìṣísẹ̀ yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

3. Ìtàn wo ni wọ́n ń sọ ní abúlé yín nípa onílù tàbí afọnfèrè kan? Ta ló rí i? Èwo nínú rẹ̀ ló lè rí bẹ́ẹ̀?

4. Ọmọ mélòó ló wà ní ilé yín? Mélòó nínú wọn ló ní ìwé ìbí?